Orín, Búrọ́ọ̀ṣì àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Ìtọ́jú Eyín Ọmọdé Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ ilé tí òbí Yorùbá fi ń tọ́ ọmọ, ìkíni, ìwẹ̀, ìjẹun àti ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àgbà, ìfọnu òwúrọ̀ wà lára àwọn tí ó ṣíwájú. Ní ọ̀pọ̀ ilé, omi àti orín ni ọmọ ń kọ́kọ́ wá kí ó tó jókòó ti àgbà láti bá a sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá wọ kíláàsì àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà sí mẹ́jọ ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Òkokomáíkò lónìí, tí ó sì ní kí wọ́n la ẹnu, kò ní pẹ́ kí ó tó rí eyín tí ó ti dúdú, èyí tí ó ti luhò àti èyí tí ó ti jẹrà kan ìdí.

Ìṣòro náà kì í ṣe ti àdúgbò yìí nìkan. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lórí ìlera ẹnu ní ọdún 2022, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àrùn ẹnu ń bá àwọn ènìyàn tí ó tó bílíọ̀nù 3.5 fínra, àti pé àwọn ọmọdé tí eyín ọmú wọn ti jẹrà lé ní mílíọ̀nù 500. Wọ́n ya ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdọọdún sọ́tọ̀ fún ìlera ẹnu káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2012. Ìwé kò wọ́n, ìkéde kò sì wọ́n. Ohun tí ó wọ́n ni pé kí ìmọ̀ràn inú àwọn ìwé wọ̀nyí dé etí ọmọ àti ìyá rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń ronú.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá kan gbà pé olùkọ́ ìmọ́tótó àti onímọ̀ ìṣègùn ni ó ni iṣẹ́ yìí. Èrò àpilẹ̀kọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ba eyín ọmọdé jẹ́ ní àdúgbò yìí fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbàlagbà ń lò nípa eyín, àti àṣà tí ó ti wà nílẹ̀ kí ṣúgà tó pọ̀ tó báyìí. Ọ̀rọ̀ àti àṣà ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá.

Orín nínú àṣà ìfọnu

Kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé, orín ni Yorùbá fi ń tọ́jú ẹnu. Àwọn mìíràn ń pè é ní pákò. Kì í ṣe gbogbo igi ni a ń rún. Orín ata wà, tí ó máa ń ta ènìyàn lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Zanthoxylum zanthoxyloides ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Pákò Ìjẹ̀bú wà, tí òun ń jẹ́ Massularia acuminata. Igi ìdí wà, ayán wà, ewúro náà ń di orín, bẹ́ẹ̀ sì ni dóńgóyárò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Éṣíà ni òun ti wá. Ẹni tí ó bá kọjá níwájú àwọn tí ń tà á lọ́jà yóò rí i pé oníbàárà kì í kàn nawọ́ mú èyí tí ó bá rí; ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ń ta lẹ́nu yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ń korò.

Orín ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí a bá ti rún orí rẹ̀ títí tí ó fi fọ́ di fọ́nrán, ó di ìgbálẹ̀ kékeré tí ń gbá ara eyín. Bí ó sì ti ń korò tàbí tí ó ń ta ni, bẹ́ẹ̀ ni itọ́ ń sun, itọ́ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́dàá fi ń fọ ẹnu. Àwọn onímọ̀ ti yẹ igi wọ̀nyí wò nínú yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí i pé omi inú ọ̀pọ̀ wọn ń dá àwọn kòkòrò àìfojúrí dúró. Ìwádìí lórí orín ata tilẹ̀ ti gba ibi eyín kọjá: ní ọdún 1971, Abayomi Sofowora àti Isaacs-Sodeye tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí. Èyí kò sọ rírún orín di oògùn àrùn náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa fi orín ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti gba àwọn orílẹ̀-èdè tí orín ti jẹ́ àṣà níyànjú láti máa lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ kejì. Orín kò rọrùn fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Agbára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tó láti rún un di ìgbálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí yóò ti dé ẹ̀yìn eyín. Ẹni tí ó bá ń fi orín líle fa ẹran ìdí eyín lójoojúmọ́ yóò rí i pé ẹran náà ń sún sẹ́yìn. Kò sì sí fluoride nínú orín ní ìwọ̀n tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín, bẹ́ẹ̀ fluoride yìí ni ohun tí ń mú ara eyín le. Nítorí náà, ọmọ kékeré nílò búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín. Àgbàlagbà tí ó bá mọ orín lò dáadáa kò jẹ̀bi.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àṣà yìí ni àkókò rẹ̀. Òwúrọ̀ ni Yorùbá ń rún orín. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ẹnu àìfọ̀ kò yẹ fún ìkíni, kò yẹ fún àdúrà, kò sì yẹ fún ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ó níyì. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀kọ́ ìfọnu Yorùbá jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ju ẹ̀kọ́ oúnjẹ lọ. Èdè fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí ẹnu ni a sábà ń sọ pé a fọ̀, kì í ṣe eyín. Ọmọ ń fọnu nítorí pé ó fẹ́ bá ènìyàn pàdé. Ní alẹ́, kò sí ẹni tí yóò kí. Oorun ni ó kàn. Àṣà kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìfọyín alẹ́.

Bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni eyín ń bàjẹ́ jù. Bí ènìyàn bá sùn, itọ́ ń dínkù nínú ẹnu, ohun tí ó bá sì ti lẹ̀ mọ́ eyín yóò wà níbẹ̀ di òwúrọ̀. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn eyín káàkiri ayé ni pé kí a fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn tí a ṣe kí a tó sùn. Bí òbí kan bá ń sọ pé òun kò gbàgbé ìfọnu ọmọ òun rí, òótọ́ ni ó ń sọ, àmọ́ òótọ́ òwúrọ̀ ni. Olùkọ́ tí ó bá kàn ń pariwo pé kí àwọn ọmọ máa fọ eyín yóò gbọ́ ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ láti ẹnu gbogbo wọn, kò sì ní yí ohunkóhun padà.

Kòkòrò wo ni ń jẹ eyín?

Bí eyín bá ń dun Yorùbá, ó sábà máa ń sọ pé kòkòrò ń jẹ eyín òun. Gbólóhùn yìí ti pẹ́, kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní in. Àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ kọ ọ́ sára wàláà amọ̀ pé kòkòrò ni ó ń gbé inú eyín. Ọdún 1728 ni Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, ó sì kọ̀ láti gba ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí gbọ́. Ní ọdún 1890 ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, ṣàlàyé pé àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ oníyẹ̀fun di omi kíkan, tí omi kíkan náà sì ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ohun abẹ̀mí wọ̀nyí ni J. Kilian Clarke sọ lórúkọ ní ọdún 1924, ó pè é ní Streptococcus mutans.

Kí ni èyí kan olùkọ́ èdè? Ó kàn án púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, kòkòrò, ni Yorùbá ń lò fún èyí tí ń jẹ àgbàdo, èyí tí ń jó nídìí iná, àti èyí tí ń fa àrùn. Àwọn tí ń kọ ìwé ìlera ti gbìyànjú, wọ́n fi ‘àìfojúrí’ tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘àìfojúrí’ kì í pẹ́ já bọ́. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni kòkòrò, ohun tí ó sì ń rí lọ́kàn ni ìdin. Bí ó bá jẹ́ ìdin ni, ojú kan ni yóò ti wọlé, pípa ni a óò sì pa á. Èyí ni ó bí àṣà kí a máa da ọtí líle sínú ihò eyín, kí a máa ki iyọ̀ tàbí ohun tí ó burú jù ú lọ bọ̀ ọ́. Òun náà ni ó ń fún àwọn tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ èrò lóúnjẹ, àwọn tí ń gbé ìgò tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ sókè pé inú eyín ẹnìkan ni ó ti jáde. Ẹni tí ó ti gbà pé kòkòrò ni yóò ra oògùn. Kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé.

Kò sí ìdí láti pa ọ̀rọ̀ náà run. Ohun tí ó yẹ ni kí olùkọ́ fi àwòrán mìíràn tì í lẹ́yìn, èyí tí ọmọ ti mọ̀ nílé. Ògì dára fún iṣẹ́ yìí. Bí ìyá bá rẹ àgbàdo, tí ó lọ̀ ọ́, tí ó sẹ́ ẹ, tí ó sì fi ògì sílẹ̀ lórí omi, ní ọjọ́ kejì ó ti ń kan. Ta ni ó fi kíkan sí i? Kò sí ẹni tí ó fi nǹkan sí i. Àwọn ohun abẹ̀mí tí a kò lè fojú rí ni wọ́n jẹ nínú ohun dídùn tí ó wà nínú àgbàdo, wọ́n sì sọ ọ́ di kíkan. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹnu ẹni tí ó jẹ súìtì tí ó sì sùn. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ mú èèpo ẹyin, kí ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí nínú ife. Àwọn ọmọ yóò rí i bí ó ti ń hó wìnnìwìnnì. Ní ọjọ́ kejì, èèpo náà kò ní le bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ó bá ti fi ìka tẹ èèpo yìí kò tún ní bèèrè pé kòkòrò dà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ń ṣini lọ́nà ni ‘eyín ọmú’. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ fún òbí ni pé eyín ìgbà díẹ̀ ni. Yóò ṣí, òmíràn yóò hù. Ogún ni eyín ọmú. Bí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìkínní ń yọ, nígbà tí ọmọ bá sì fi máa di ọlọ́dún mẹ́ta, gbogbo wọn á ti pé. Àwọn ti iwájú ń ṣí láti bí ọdún mẹ́fà, àmọ́ àwọn ńlá tí ó wà lẹ́yìn kì í ṣí tán títí di ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Eyín tí ọmọ yóò fi jẹun fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kì í ṣe eyín àlejò. Òun ni ó ń di àyè mú fún èyí tí ó ń bọ̀. Bí a bá tètè yọ ọ́, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sún, èyí tí ó ń bọ̀ yóò sì hù wọ́gọwọ̀gọ.

Ìkòkò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tún jinlẹ̀ ju báyìí lọ. Ní bí ọdún mẹ́fà, eyín ńlá kan ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín ọmú, lókè àti nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, láìjẹ́ pé eyín kankan ṣí kúrò fún un. Nítorí pé kò sí eyín tí ó bọ́, òbí kò mọ̀ pé eyín ayérayé ti dé. Ó rò pé eyín ọmú ni, bí ó bá sì luhò, ó ní ‘yóò pààrọ̀’. Kò ní pààrọ̀. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní ni ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà sábà máa ń wà. Olùkọ́ kíláàsì yìí ni ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá lásìkò.

‘Ọmọ ń hu eyín ni’

Gbólóhùn kẹta ni ó ti gba ẹ̀mí. Bí ara ọmọ ọwọ́ bá gbóná, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sì jẹun, aládùúgbò yóò ní ‘ọmọ ń hu eyín ni’. Ọ̀rọ̀ náà ń pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni pé itọ́ ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ tí ń hu eyín, pé ìdí eyín ń yún un, pé ó ń sunkún, ara rẹ̀ sì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àmọ́ eyín kì í fa ibà gíga, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àkókò kan náà ni gbogbo wọn kàn ń dé: ní oṣù mẹ́fà, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí ọmú, ó ń ki ohun gbogbo bọ ẹnu, ààbò tí ó gbà lára ìyá rẹ̀ sì ń dínkù. Àrùn ni ó ń wọlé, eyín ni a ń dá lẹ́bi.

Nítorí pé eyín ni a ń dá lẹ́bi, oògùn eyín ni a ń rà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ tí kò lè tọ̀ mọ́, ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Zaria. Kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún ọmọ tí ń hu eyín, tí ó ń jẹ́ My Pikin, ni wọ́n ti fún wọn lò. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ni ó ṣe é, ohun tí wọ́n sì fi pò ó ti ní diethylene glycol nínú, kẹ́míkà olóró tí ó jọ èyí tí wọ́n ń fi sínú omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Àjọ NAFDAC kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ. Àwọn ọmọ tí ìjọba kéde pé wọ́n kú lé ní 80. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ilé iṣẹ́ náà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì lẹ́bi, wọ́n sì rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n ọdún méje.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kẹ́míkà yìí kan náà ti pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti Jos ní ọdún 1990, nínú oògùn ibà olómi. Kì í sì í ṣe ìgbà ìkẹyìn: ní ọdún 2022, bí 70 ọmọ kú ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde pé wọ́n bá irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ nínú oògùn ikọ́ olómi kan tí ó wọ ibẹ̀. Oògùn ìpara tí ń kú ibẹ̀ pàápàá kò yẹ. Àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní ọdún 2018 pé kí wọ́n má ṣe fi èyí tí ó ní benzocaine pa ìdí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Àwọn ìyá tí wọ́n ra My Pikin kò ṣe àìbìkítà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rà á, orúkọ wà lára ìgò, ìfẹ́ ọmọ ni ó sì gbé wọn débẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ti kọ́ wọn ní kíláàsì pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn, kò ní sí oògùn tí wọ́n máa wá. Aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù, kí ọmọ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, tó. Bí ara rẹ̀ bá gbóná gidigidi tàbí tí ó ń yàgbẹ́, ilé ìwòsàn ni.

Ohun tí ń wọ ẹnu ọmọ ní àdúgbò yìí

Ọ̀jọ́ àti Ìbà jẹ́ ìlú Àwórì láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti sọ gbogbo àgbègbè náà di ojúbọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọjà Alábà ń pe àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìgbò, àwọn Ògù wà níbẹ̀ tipẹ́, bárékè àwọn ológun kó ìdílé láti gbogbo ẹ̀yà jọ, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì kó tirẹ̀ wá. Ní Ìyànà-Ìbà àti Òkokomáíkò, ohun jíjẹ ń bá ọmọ pàdé lọ́nà ilé ìwé kí ó tó dé kíláàsì, ó sì tún ń dúró dè é nígbà tí ó bá ń padà: bisikíìtì, súìtì, bàbá dúdú, gúgúrú oníṣúgà, ẹlẹ́rìndòdò inú ike. Nínú ilé, ṣúgà ń wọ inú ògì àti inú gààrì tí a fi omi tútù mu.

Ohun tí òbí kì í mọ̀ ni pé iye ìgbà ṣe pàtàkì ju bí ṣúgà ti pọ̀ tó lọ. Ìgbàkígbà tí ohun dídùn bá wọ ẹnu, omi kíkan yóò jẹ eyín fún bí ìdajì wákàtí kí itọ́ tó borí rẹ̀. Ọmọ tí ó mu ẹlẹ́rìndòdò kan pọ̀ mọ́ oúnjẹ ọ̀sán ṣe eyín rẹ̀ níbi lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ó ń bu ike kan náà mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò fún un ní ìsinmi rárá. Ìgò ògì dídùn tí wọ́n ki bọ ọmọ ọwọ́ lẹ́nu kí ó lè sùn burú ju méjèèjì lọ. Ìjọba mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣúgà le. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu tí wọ́n fi ṣúgà dùn.

Níhìn-ín, àṣà ran olùkọ́ lọ́wọ́. Òbí Yorùbá ti ń bẹ̀rù adùn tipẹ́tipẹ́. Bí ọmọ bá ń lá ṣúgà, ìyá yóò ní jẹ̀díjẹ̀dí yóò mú un. Ìkìlọ̀ náà ti wà. Ẹ̀yà ara tí ó kàn ni wọ́n ṣì. Olùkọ́ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo, kí ó kàn gbé ìkìlọ̀ náà kúrò ní ìdí wá sí ẹnu ni.

Nínú kíláàsì

Àwọn kan yóò bèèrè pé èdè wo ni olùkọ́ yóò fi sọ gbogbo èyí nígbà tí ìdajì kíláàsì rẹ̀ kò sọ Yorùbá nílé. Ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2022, wọ́n sì tún wọ́gi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé kò bá a lọ. Iṣẹ́ Yorùbá ṣì ní àyè tirẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara sì wà lára ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Haúsá tí kò gbé ẹnu wá sí kíláàsì.

Ìbéèrè tí ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ‘ta ni ó fọ eyín láàárọ̀?’ Gbogbo ọwọ́ ni yóò lọ sókè. Kí olùkọ́ bèèrè pé: ‘Kí ni ó wọ ẹnu rẹ kẹ́yìn lálẹ́ àná?’ Ọmọ kan yóò ní ìrẹsì, òmíràn yóò ní bisikíìtì, òmíràn yóò ní omi. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, kí wọ́n jọ pín in sí èyí tí yóò kan àti èyí tí kò ní kan. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì péré, dùn àti kan, ti tó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àlọ́ àpamọ̀ lè wọlé: ‘Ogún ọmọ jókòó sínú yàrá kan, òjò ń rọ̀ sí wọn lára, wọn kò sá, àlejò dídùn dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kí ni o?’ Kí àwọn ọmọ fúnra wọn tún àlọ́ mìíràn pa nípa ahọ́n, itọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì.

Àlọ́ yìí náà ni ọ̀nà tí ìfọyín alẹ́ lè gbà rí àyè nínú àṣà. Alẹ́ ni Yorùbá ń pàlọ́. Bí òbí bá ní kò sí àlọ́, kò sí tẹlifíṣọ̀n, àfi kí ọmọ kọ́kọ́ fọ eyín, ìfọyín ti rí ohun tí yóò so ara rẹ̀ mọ́, bí ti òwúrọ̀ ti so mọ́ ìkíni. Ọṣẹ ìfọyín tí ó tó hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó tó hóró ẹ̀wà kékeré kan. Kí ó tutọ́ rẹ̀ dànù, kí ó má gbé e mì. Ìṣẹ́jú méjì ni, búrọ́ọ̀ṣì kan fún ẹnìkan, kí àgbàlagbà sì wà nítòsí títí ọmọ yóò fi tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ọmọ tí kò bá lè de bàtà rẹ̀ dáadáa kò lè dá eyín ẹ̀yìn fọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan pápá ìṣeré. Ọmọ ń sáré, ó ṣubú, eyín iwájú bọ́ sílẹ̀ odindi. Àṣà wa ni láti ju eyín tí ó bá ṣí sórí òrùlé, olùkọ́ mìíràn a sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Eyín ọmú ni a lè jù. Bí ọmọ bá ti lé ní ọdún méje, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ eyín ayérayé, èyí sì ṣeé dá padà bí a bá yára. Kí olùkọ́ di orí rẹ̀ mú, kí ó má fọwọ́ kan gbòǹgbò, kí ó má há a, kí ó má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, kí ó ṣàn án fẹ́rẹ́, kí ó sì dá a padà sínú ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ fi aṣọ mímọ́ gé e mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba olùkọ́ láti ṣe èyí, kí ó fi eyín náà sínú wàrà olómi, tàbí inú itọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ nínú ife, kì í ṣe inú omi lásán, kì í sì í ṣe inú bébà gbígbẹ. Ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìdí-Àràbà àti ti ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà ní àwọn oníṣègùn eyín, àmọ́ láti Òkokomáíkò, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà lè gba wákàtí, wákàtí kan péré sì ni eyín tí ó bọ́ sábà máa ń ní kí ó tó kú. Nítorí náà, kí orúkọ oníṣègùn eyín tí ó súnmọ́ ilé ìwé jù àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí agolo wàrà kan sì wà nínú àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì.